Ta Ni Ìyá Ẹ̀? Ìdílé Odin, Thor àti Loki

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ju èyí sílẹ̀ ná: Loki kì í ṣe àbúrò Thor. Wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, Odin ò sì gbà á tọ́. Mo mọ ohun tí ẹ rí nínú fíìmù Marvel. Èmi náà rí i. Odidi ọdún kan ni mo fi ń bá àwọn èèyàn jiyàn lórí ẹ̀, tí mò ń pariwo mọ́ wọn, kí n tó jókòó ka ìtàn náà fúnra mi. Ojú tì mí wọlé.

Ìtàn àwọn ará Nọ́wè, Swídìn, Dẹ́nmáàkì àti Iceland nìyí, láti ayé ìgbà tí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Nǹkan bí ọdún 1000 ni Iceland gba ẹ̀sìn náà. Snorri Sturluson tó kọ púpọ̀ nínú ìtàn náà sílẹ̀, nǹkan bí ọdún 1220 ló kọ tiẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ó lé ní 200 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti pa òrìṣà tì, Kìrìsìtẹ́nì sì lòun náà. Àwọn ewì àtijọ́ wà nínú ìwé aláwọ kan tí ewé ẹ̀ ò ju 45 lọ mọ́, Dẹ́nmáàkì ló sì wà kí wọ́n tó dá a padà fún Iceland ní 1971. Ó tó. N ò ní fi gbogbo fídíò yìí sọ̀rọ̀ ìwé.

Odin olójú kan, olórí àwọn òrìṣà wọn, àti Thor ọmọ ẹ̀, òrìṣà àrá, ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí gbogbo ayé ti ń ṣubú.

Ọ̀rọ̀ kan wà, jötunn. Òyìnbó túmọ̀ ẹ̀ sí òmìrán, àwa náà sì bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti wọ́. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ òmìrán, ẹnì kan tí orí ẹ̀ kan àjà, tí eyín ẹ̀ rí gánńgánńgán, tó ń jẹ èèyàn, ló ń wá sí yín lọ́kàn. Rárá o! Àwọn kan nínú wọn tóbi, òótọ́ ni. Àmọ́ ìran ni jötunn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: KÌ Í ṢE Ọ̀RỌ̀ GÍGA, Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ NI. Mo tún un sọ: ÌDÍLÉ NI!

Ẹ wo Gerd. Ọmọbìnrin jötunn ni. Freyr, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà, jókòó sórí àga Odin lọ́jọ́ kan, ó wo ọ̀ọ́kán, ó rí Gerd tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn ilé bàbá ẹ̀. Bó ṣe gbápá sókè, ìmọ́lẹ̀ apá ẹ̀ tàn sójú ọ̀run, ó tàn sójú òkun. Freyr wọlé, kò jẹ, kò mu, kò bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó wá gbé idà ẹ̀, idà tó ń dá ara ẹ̀ jà, fún Skirnir ìránṣẹ́ ẹ̀ pé kó bá òun lọ tọrọ ọmọ náà. Ó rí ìyàwó fẹ́ o. Àmọ́ lọ́jọ́ ogun ìkẹyìn, ọjọ́ Ragnarok, tí Surtr, jötunn ilẹ̀ iná, bá gbé idà iná dé, Freyr ò ní rí idà fà yọ. Ẹ ṣì ń rò pé àwọn jötunn burẹ́wà?

Skadi ńkọ́? Àwọn òrìṣà pa bàbá ẹ̀, Thjazi. Obìnrin yìí dira ogun, òun nìkan ṣoṣo, ó wọ Asgard, ìlú àwọn òrìṣà, lọ, ó ní ẹ̀san lòun wá gbà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó mú ọkọ láàárín àwọn, kó fi ṣe owó ìtanràn, àmọ́ ẹsẹ̀ nìkan ló máa rí. Ẹ fojú inú wò ó ná: ẹsẹ̀ òrìṣà tò lọ rẹrẹ, ìyàwó ń rìn kọjá, ó tẹjú mọ́ àtàǹpàkò. Baldr, arẹwà ọmọ Odin, ló ń wá. Ó rí ẹsẹ̀ kan tó mọ́ tónítóní. Ó ní, "Èyí ni mo mú! Baldr ò ní àbùkù." Wọ́n ṣí i lójú. Njord ni! Njord, òrìṣà etí òkun. Ẹsẹ̀ tí omi òkun ń fọ̀ láràárọ̀, ṣé kò ní mọ́ ni? Ìgbéyàwó náà ò sì dùn. Ọkọ ò lè sùn lórí òkè nítorí igbe ìkookò, ìyàwó ò lè sùn létí òkun nítorí ariwo ẹyẹ. Kálukú bá padà sílé ẹ̀. Ẹ rọra fi Skadi pamọ́ sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Tẹ́ ẹ bá ti rí orúkọ kan nínú ìtàn wọ̀nyí, ẹ má bèèrè pé ṣé ẹni rere ni àbí ẹni burúkú. Ẹ bèèrè pé TA NI ÌYÁ Ẹ̀? Ẹni tó dàgbà sí agboolé olórogún máa yé kíákíá. Bàbá kan, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìjà bá dé, ìdí ìyá ẹ̀ ni kálukú ń sá sí.

Ó yá. Odin, ta ni ìyá ẹ̀? Bestla, ọmọ jötunn. Odin àtàwọn arákùnrin ẹ̀ méjì ló pa Ymir, baba ńlá gbogbo jötunn. Ẹran ara ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni òkun, egungun ẹ̀ ni òkè, agbárí ẹ̀ ni ojú ọ̀run, wọ́n fọ́n ọpọlọ ẹ̀ sókè, ó di kùrukùru. Ẹ̀yin náà ẹ ronú sí i: ara ìbátan wọn lápá ìyá ni wọ́n fi kọ́lé ayé. Thor, ta ni ìyá ẹ̀? Jord, ìran jötunn náà ni. Orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí Ilẹ̀. Thor tó ń fi òòlù fọ́ jötunn lórí kiri, àwọn ará ilé ìyá ẹ̀ ló ń lù pa. Ẹ WÒ Ó, ẸBÍ NI GBOGBO WỌN!

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀, nítorí Thor yìí, mo fẹ́ràn ẹ̀. Kì í gẹṣin. Òbúkọ méjì ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Bílẹ̀ bá ṣú, á pa wọ́n, á sè wọ́n jẹ, á kó egungun sórí awọ. Láàárọ̀ á gbé òòlù sókè lórí wọn, wọ́n á dìde, ó di méè. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó sùn sílé àgbẹ̀ kan, ó ní kí wọ́n wá bá òun jẹ, kí wọ́n ṣáà má fọ́ egungun. Thjalfi, ọmọ àgbẹ̀ náà, bá ṣe ohun tí èmi náà ì bá ṣe: ó fi ọ̀bẹ la egungun itan, ó fa mùdùnmúdùn ẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi! Ta ló ń jẹ ẹran òbúkọ tí kò ní fa mùdùnmúdùn? Bàbá mi, tó bá jẹun tán, ẹ máa gbọ́ egungun létí àwo, kó, kó, kó, títí èyí tó wà nínú ẹ̀ á fi já bọ́. Ilẹ̀ mọ́, òbúkọ kan ń tiro. Thor di òòlù mú débi pé oríkèé ìka ẹ̀ funfun. Àgbẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ó fi ọmọ ẹ̀ méjèèjì, Thjalfi àti Roskva, tu Thor lójú, wọ́n sì di ìránṣẹ́ ẹ̀ látọjọ́ náà.

Ẹ má wá kọ ọ́ sí mi pé Thor ni Ṣàngó wọn o. Ṣàngó jọba l'Ọ̀yọ́, Thor ò jọba níbì kankan. Àmọ́ ohun kan wà tó máa ń mú orí mi wú. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Scandinavia, bí wọ́n bá ń túlẹ̀ tí wọ́n bá rí àáké òkúta ayé àtijọ́, wọ́n a ní àrá ló jù ú sílẹ̀, wọ́n a gbé e sílé kí àrá má baà sán lu ilé náà. Ẹdùn àrá! Ìyá bàbá mi ní ọ̀kan nínú àwo igi: dúdú, dídán, ó tutù lọ́wọ́, etí ẹ̀ kan sì mú bí ẹnu àáké. Mo ti rí àwòrán tiwọn. Bákan náà ni wọ́n rí.

Ó dáa, Loki. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nínú ewì ni Loki ọmọ Laufey. Laufey, ÌYÁ ẹ̀ nìyẹn. Nínú fíìmù wọ́n sọ Laufey di ọba ọkùnrin, ó kù díẹ̀ kí n jábọ́ lórí àga. Farbauti ni bàbá ẹ̀, jötunn ni. Báwo ló ṣe wá dé Asgard, tó ń bá wọn jẹ, tó ń bá wọn mu? Ìmùlẹ̀ ni! Òun àti Odin po ẹ̀jẹ̀ pọ̀ láyé ọjọ́un, Odin sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní fẹnu kan ọtí àfi tí wọ́n bá gbé e fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n sọ fún Loki níbi àsè kan pé kò sáyè fún un, májẹ̀mú yẹn ló rán Odin létí. Odin ò lè fèsì. Ó ní kí Vidar, ọmọ òun, dìde kí bàbá ìkookò, ìyẹn Loki, lè jókòó. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀ bàbá Thor ni Loki. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, ńṣe ni Thor ì bá máa dọ̀bálẹ̀ kí i.

Loki yìí kan náà ló di abo ẹṣin nígbà kan, tó lóyún, tó sì bí Sleipnir, ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí Odin ń gùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbọ́ mi. Òun ni ìyá ẹṣin náà.

Angrboda, obìnrin jötunn, wá bí mẹ́ta fún un: Fenrir tó jẹ́ ìkookò, Jormungandr tó jẹ́ ejò, àti Hel. Odin ju ejò sínú òkun, ó dàgbà níbẹ̀ títí ó fi yí gbogbo ayé ká, tó ń gé ìrù ara ẹ̀ jẹ. Ìkookò, wọ́n tọ́ ọ nílé, Tyr nìkan nínú àwọn òrìṣà ló láyà láti fún un lóúnjẹ. Nígbà tó ń tóbi jù, wọ́n dè é, ó já a. Wọ́n tún dè é, ó tún já a. Wọ́n ránṣẹ́ sáwọn aràrá kí wọ́n hun okùn wá. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi hun ún: ìró ẹsẹ̀ ológbò, irùngbọ̀n obìnrin, gbòǹgbò òkè, iṣan béárì, èémí ẹja, itọ́ ẹyẹ. Tẹ́ ẹ bá ti bá ìtàn Ifá jókòó rí, irú nǹkan tí wọ́n ń ní kéèyàn lọ wá wá nìyẹn! Okùn náà rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí aṣọ sílíkì. Ìkookò fura, ó ní kí ẹnì kan ki ọwọ́ bọ òun lẹ́nu kí wọ́n tó dè é. Gbogbo wọn ń wojú ara wọn. Tyr ló ki ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ bọ̀ ọ́. Okùn mú ìkookò, gbogbo òrìṣà bú sẹ́rìn-ín, àfi Tyr.

Hel, kíákíá: èèyàn ni, ilé àwọn òkú tó ń ṣàkóso náà sì ń jẹ́ orúkọ ẹ̀. KÌ Í ṢE Ọ̀RUN ÀPÁÀDÌ. Ẹni tí àìsàn tàbí ogbó pa ló ń lọ síbẹ̀. Ìdajì ara ẹ̀ dúdú bí aró, ìdajì jẹ́ àwọ̀ èèyàn. Àwo ẹ̀ ń jẹ́ Ebi, ọ̀bẹ ẹ̀ ń jẹ́ Ìyàn. Àwọn tí wọ́n kú lójú ogun ńkọ́? Ẹ má ní gbogbo wọn ń lọ sí Valhalla, gbọ̀ngàn Odin. Freyja, òrìṣà obìnrin, ń mú ìdajì, Odin ń mú ìdajì.

Ẹ dákun, ẹ má fi àtòjọ ayé mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí mi mọ́! Ewì àtijọ́ sọ pé mẹ́sàn-án ni, Yggdrasil, igi ńlá nì, sì so ayé pọ̀, tí ọ̀kẹ́rẹ́ kan, Ratatosk, ń sá lọ sá bọ̀ lára ẹ̀, tó ń gbé èébú láàárín idì tó wà lókè àti Nidhogg tó ń jẹ gbòǹgbò nísàlẹ̀. Àmọ́ ewì ò ka àwọn ayé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà tiwa ló ṣa orúkọ jọ. Mo fẹ́ràn ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn ju àtòjọ lọ.

Ó ku Baldr. Frigg, ìyá ẹ̀, gba ìbúra lọ́wọ́ gbogbo nǹkan pé wọn ò ní pa á lára: iná, irin, òkúta, àìsàn. Ó fi àfòmọ́ sílẹ̀, ó ní ó kéré jù. Àwọn òrìṣà bá ń ju nǹkan lu Baldr ṣeré, torí kò sóhun tó ń ṣe é. Àfòmọ́, irú èyí tó máa ń fara mọ́ igi kòkó! Loki gé e, ó fi í sọ́wọ́ Hod, arákùnrin Baldr tó fọ́jú, ó júwe ibi tó máa jù ú sí. Baldr ṣubú, ó kú.

Wọ́n mú Loki. Ìfun ọmọ ẹ̀ ni wọ́n fi dè é mọ́ òkúta. Ta ló wá gbé ejò olóró kọ́ sókè orí ẹ̀ kó máa kán sí i lójú? Skadi. Ọmọ jötunn, Skadi tó ń wá ẹsẹ̀ Baldr láàárín àwọn ẹsẹ̀ ọjọ́sí. Sigyn, ìyàwó Loki, jókòó tì í, ó gbé abọ́ dání, ó ń gba oró náà sínú ẹ̀. Bí abọ́ bá kún, ó gbọ́dọ̀ lọ dà á nù. Ìwọ̀nba ìgbà tó bá fi yẹra yẹn, oró á kán sójú ọkọ ẹ̀, Loki á jà, ilẹ̀ á sì mì.