Ebi Tó Ń Pa Ọmọ Tó Sanra: Ta Ló Ń Pàṣẹ Rẹ̀?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni mo ṣe fún àwọn òbí àti olùkọ́ ní Ṣágámù. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ.

Bí ọmọ ọdún 3 bá sanra, a óò kí ìyá rẹ̀ kú ìtọ́jú. Bí ọmọ kan náà bá pé 14, tí aṣọ iléèwé ò gbà á mọ́, ó di ọ̀rọ̀bọ̀, ó di wọ̀bìà, a óò sì máa ka òkèlè mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tí mo wá sọ ni pé ebi tó ń pa ọmọ yẹn, ebi gidi ni. Ara rẹ̀ ló ń pàṣẹ. Bí a bá fẹ́ kí àṣẹ náà yí padà, inú ìkòkò wa ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ibì kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hypothalamus. Ibẹ̀ ni ìròyìn ebi àti àyó ń lọ. Bí ikùn bá ṣófo, ó máa ń tú ghrelin sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mọ̀nù kan (ìyẹn èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí òmíràn) tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ṣàwárí ní 1999. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé ó tó àsìkò oúnjẹ. Bí oúnjẹ bá wá dé ìfun, ìfun náà á tú tirẹ̀, GLP-1 àti PYY, láti sọ pé ó ti tó. Ìròyìn kejì yìí kì í yára. Ó lè gbà tó 20 ìṣẹ́jú. Ọmọ tó gbé odindi àwo ẹ̀bà mì láàárín ìṣẹ́jú 5 ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró kí àyó tó sọ̀rọ̀.

Họ́mọ̀nù kẹta ni leptin, tí Jeffrey Friedman àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Rockefeller University, ní Amẹ́ríkà, ṣàwárí ní 1994. Ọ̀rá ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Bí ọ̀rá bá pọ̀, leptin á pọ̀, ó sì yẹ kí oúnjẹ má wu èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ó ní ṣebí leptin ọmọ tó sanra ló yẹ kó pọ̀ jù? Ó pọ̀ lóòótọ́, ọpọlọ ni kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta kì í gbọ́ ariwo rẹ̀ tó bá yá. Àlejò ló ń dí etí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé ìwà ni, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ní 1997, àwọn onímọ̀ ní Cambridge ròyìn ọmọ méjì, ìbátan ara wọn, tí ara wọn kò lè ṣe leptin tó dára. Ebi kì í fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n wá ń fún ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin ọdún 9, ní abẹ́rẹ́ leptin. Oúnjẹ tó ń jẹ dínkù, nǹkan bí 16 kg sì kúrò lára rẹ̀ láàárín ọdún kan. Irú àìsàn yẹn ṣọ̀wọ́n gan-an, ọmọ tiwa kì í sábà ní in, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé họ́mọ̀nù inú ẹ̀jẹ̀ lè mú kí èèyàn jẹun bí ẹni tí wọ́n ṣe ní nǹkan.

Ẹ tún fi ti ìbàlàgà kún un. Lákòókò yẹn, insulin, họ́mọ̀nù tó ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀, àní lára ọmọ tó tín-ín-rín, ara sì ń béèrè oúnjẹ tí yóò fi dàgbà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná. Ọmọ jáde ní agogo mẹ́fà àárọ̀ láìjẹun. Nígbà ìsinmi, ó ra pọ́fùpọ́fù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìgò 50 cl kan lè ní ṣúgà tó 50 g, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má kọjá lójúmọ́. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ara kì í ka ṣúgà tí a mu bó ṣe ń ka oúnjẹ tí a rún lẹ́nu. Ó wọlé, kò dín ebi ọ̀sán kù. Lẹ́yìn lẹ́sìnnì, ọmọ dé, ó bu garí.

Ẹ má rò pé mo wá bá garí Ìjẹ̀bú jà. Èmi náà ń mu ún, kó kan dáadáa ni tèmi. Ṣùgbọ́n púrótéènì inú garí kò tó nǹkan, ara sì máa ń yó pẹ́ lórí púrótéènì. Garí, omi tútù àti ṣúgà nìkan, ebi á padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bu ẹ̀pà sí i, ẹ fi ẹja díndín tàbí mọ́ínmọ́ín tì í, ẹ yọ ṣúgà, ẹ ó rí i pé kò ní tètè padà wá bu òmíràn.

Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Bí ẹja gbígbẹ àti edé bá pọ̀ nínú ewùrà tí a rin, oúnjẹ tó pé ni. Lóde òní, ọjà ti gbówó lórí, ẹja ń dínkù nínú ìkòkò, epo ń pọ̀ sí i, a ó tún wá fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé àdídùn wa nìyẹn, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Mo ní kí ẹ̀bà kéré, kí ẹja pọ̀.

Fífi ebi pa ọmọ kọ́ o. Ní Australia, wọ́n dín oúnjẹ àwọn àgbàlagbà kan tó sanra kù gan-an fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n sì fọn. Ìwádìí náà jáde ní 2011: lẹ́yìn ọdún kan, ghrelin wọn ṣì ga, leptin wọn ṣì lọ sílẹ̀, ebi sì ń pa wọ́n ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ọmọ tí ẹ bá tilẹ̀kùn ìdáná mọ́ á rí owó ra bisikíìtì, á sì jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Oorun tún ńkọ́? Wákàtí 8 sí 10 ló yẹ ọ̀dọ́langba. Ní Chicago, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 12 máa sun wákàtí 4 péré fún alẹ́ méjì. Leptin wọn fi 18% lọ sílẹ̀, ghrelin fi 28% ròkè. Nítorí náà, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn lálẹ́, kí ẹ tó gba àwo.

Nígbà ìbéèrè, ìyá kan béèrè nípa tíì afọnnilára. Mo ní ìgbẹ́ gbuuru lọ̀pọ̀ wọn ń fà, omi ara ló ń bá a lọ, ebi wà níbẹ̀. Bàbá kan béèrè abẹ́rẹ́ tó ti ń gbọ́ nípa rẹ̀. Semaglutide nìyẹn, ó ń ṣe bíi GLP-1. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ọmọ ọdún 12 sókè ní December 2022. Kì í ṣe ohun tí à ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí dókítà.

Ìyá mìíràn ní ọrùn ọmọ òun dúdú, ó sì nípọn, pé òun ti fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ títí. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ fi ọrùn ọmọ yẹn sílẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Insulin tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń fà á lára ọmọ tó sanra. Ẹ mú un lọ sí OOUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ níbí ní Ṣágámù, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wọn gíga rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá ṣì ń ga, dókítà lè má ní kó fọn rárá; wọ́n lè ní kí ẹ kàn jẹ́ kí kílò rẹ̀ dúró síbi tó wà, títí gíga yóò fi bá a.