Ẹ dán gbogbo ọmọ wò

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ gifted, ìyẹn ètò fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé, tí wọ́n ń ṣe ní sùkúù gọ́fúmẹ́ǹtì níbí ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí ó ká mi lára gan-an.

Texas ni mo ń gbé. Òfin ìpínlẹ̀ yìí ní gbogbo dísíríìtì, ìyẹn ẹkùn tó ń bójú tó àwọn sùkúù, gbọ́dọ̀ wá àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé rí, kí wọ́n sì máa fún wọn níṣẹ́ tó ká wọn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ládùúgbò tiwa, tíṣà ló ń dárúkọ ọmọ, àbí òbí tó bá mọ̀ pé fọ́ọ̀mù wà tí wọ́n fi ń dárúkọ ọmọ. Àwa tí wọ́n sì tọ́ dàgbà nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ti kọ́ wa pé ohun tí tíṣà bá ti wí labẹ gé, ta ló fẹ́ lọ máa sọ fún tíṣà pé ọmọ òun mọ̀wé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó jọ ìgbéraga. Ọmọ á parí iṣẹ́ ẹ̀ kíá, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, lẹ́tà tó máa wá sílé ni pé kò lè jókòó jẹ́ẹ́.

Bó ṣe rí fún àkọ́bí mi ní kíláàsì kejì nìyẹn. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ fún mi nípa fọ́ọ̀mù ọ̀hún, wọ́n dán an wò, ó wọlé. Inú mi dùn púpọ̀. Àmọ́ ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí ò ráyè lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló máa sọ fún un?

Ní Broward County, Florida, láti 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán gbogbo ọmọ kíláàsì kejì wò, wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni kó dárúkọ. Àwọn ọmọ dúdú, àwọn ọmọ Híspáníìkì àtàwọn ọmọ tálákà tó wọlé pọ̀ sí i gidigidi. Olóye ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó wò wọ́n ni! Nígbà tówó wọ́n, wọ́n dá a dúró, iye wọn tún já wálẹ̀.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ máa fi ẹ̀kọ́ àfikún (lẹ́sìnnì) pa ọmọ ọdún 5 o. Àwọn ìgbìmọ̀ dísíríìtì wa máa ṣèpàdé lóṣù tó ń bọ̀, màá dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀: ẹ dán gbogbo wọn wò, láàárín wákàtí sùkúù, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí gbogbo òbí. Ẹni tó bá wà nítòsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá.