Àjọ̀dún Ìlú: Ta Gan-an Ni Wọ́n Ń Ṣe É Fún?

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, lórí bóyá ará ìlú ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ìlú fún tàbí àlejò, ni mo tẹ̀ síbí fún àwọn tí ò ráyè wá, mo kàn yọ àwàdà kúrò díẹ̀ ni torí àwàdà kì í dùn tó bẹ́ẹ̀ téèyàn bá ń kà á.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti 1970. Ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá àjọ̀dún orin tuntun kan sílẹ̀ ní Congo Square, pápá tí àwọn ẹrú máa ń kóra jọ sí lọ́jọ́ Sunday láyé ọjọ́un, tí wọ́n á lùlù, tí wọ́n á jó. Duke Ellington wá, Mahalia Jackson wá, àwọn olórin tó kù pọ̀ bí eṣú, àmọ́ àwọn tó wá wòran ò ju bíi 350 lọ. Ẹ gbọ́ ná o: àwọn tó ń kọrin pọ̀ ju àwọn tó ń gbọ́ ọ lọ! Ká ní èmi ni mo fowó sí i ni, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mi ò bá ti kó ẹrù mi. Wọn ò kó ẹrù, wọ́n tún ṣe é lọ́dún kejì, lónìí ṣe ni èrò ń ya lọ síbẹ̀ bí omi. Bó ṣe yé èmi ni pé àwọn olórin yẹn ò tìtorí sitéèjì di olórin. Wọ́n ti ń fun fèrè níbi ìsìnkú, wọ́n ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jó káàkiri títì kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ fẹ́sítífà, àjọ̀dún kàn wá bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ohun tí mo bá wá náà nìyẹn: àjọ̀dún tí ará ìlú á ṣì ṣe bí àlejò kankan ò tiẹ̀ yọjú, òun ni àlejò máa ń wá wò.

Oúnjẹ wọn náà bẹ́ẹ̀ ni. Gumbo, jambalaya, crawfish, àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló ń dúró ti ìkòkò, ẹlòmíì ti ń se oúnjẹ kan ṣoṣo níbẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn, kò kúrò lórí ẹ̀. Ní Munich ní Jámánì, tiwọn tún le: ilé ìpọntí mẹ́fà péré, tí wọ́n ń pọn ọtí nínú ìlú yẹn gan-an, ló lè ta bíà níbi àjọ̀dún ọtí wọn tó ń jẹ́ Oktoberfest. Ìgbéyàwó ọmọ ọba Ludwig àti Therese ní oṣù kẹwàá 1810 ló bí àjọ̀dún ọ̀hún, eré ẹṣin ni wọ́n fi ṣayẹyẹ nígbà náà, pápá tí wọ́n ti sá a sì ń jẹ́ orúkọ ìyàwó títí dòní. (Oṣù kẹsàn-án ló ń bẹ̀rẹ̀ báyìí o, October ṣì ni wọ́n ń pè é.)

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú jù. Wà á dé ibi àjọ̀dún, wà á rí agbọ̀n, wà á rí ìlẹ̀kẹ̀, wà á ra tìẹ, inú ẹ á máa dùn, ìgbà tó o bá délé tó o yí i dà lo máa rí sítíkà fákítìrì tó ti orílẹ̀-èdè míì wá nídìí ẹ̀. Ní Santa Fe, níbi tí àwọn tó kọ́kọ́ nilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń pàtẹ iṣẹ́ wọn láti 1922, ẹni tó mọ ìkòkò ló ń jókòó tì í, o lè bi í ibi tó ti bu amọ̀. Òfin 1990 sì sọ pé ẹni tó bá ta ayédèrú, tó ní àwọn onílẹ̀ yẹn ló ṣe é, ọ̀daràn ni.

Ibi tí mo fẹ́ pẹ́ sí ni Wales, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ England. Wọ́n ní àjọ̀dún kan tó ń jẹ́ Eisteddfod, orin àti ewì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọdún kan ní àríwá, ọdún kejì ní gúúsù, èdè Welsh sì ni gbogbo ẹ̀, òfin ni. Akéwì tó bá gbégbá orókè, àga ni wọ́n ń fún un, àga gidi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́. Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ ọ́n ṣáájú o, wọ́n á fun kàkàkí, wọ́n á pe orúkọ ìnagijẹ tó kọ sídìí ewì, òun á wá dìde láàárín èrò.

Ní 1917, wọ́n pe orúkọ, ẹnì kankan ò dìde. Wọ́n tún un pè, kẹ́kẹ́ pa. Hedd Wyn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń da àgùntàn nílé bàbá ẹ̀, ló kọ ewì yẹn, Ogun Àgbáyé Kìíní sì ti pa á ní Bẹ́ljíọ̀m ní ọjọ́ 31 oṣù keje, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọ́n da aṣọ dúdú bo àga náà níṣojú gbogbo èrò. Ẹni tó gbẹ́ àga ọ̀hún wá ńkọ́? Eugeen Vanfleteren, ará Bẹ́ljíọ̀m, tí ogun yẹn kan náà lé kúrò nílé! Àga yẹn ṣì wà nínú ilé àwọn òbí akéwì náà dòní, àwọn èèyàn ń lọ wò ó.

Ìgbà tí mo parí, ìyá kan nawọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun o, ọmọ mi, àmọ́ tó bá jẹ́ èdè wọn nìkan, àlejò wo ló fẹ́ wá jókòó síbẹ̀?" Mo ní, mà, wọ́n ń wá o, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á fi sétí, ẹnì kan á máa túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn.

Màmá wò mí. "Ẹ ní wọ́n ń ṣe ògbufọ̀ fún Òyìnbó?" Ẹ̀rín ta, ibẹ̀ la sì ti dìde.