Ṣé Apá Ń Dùn Yín Ni?

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ooru. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn ohùn mi, ẹ forí jì mí, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu ni, torí inú yàrá tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí gbóná bí inú ààrò. Lọ́ńdọ̀nù la wà yìí o. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òtútù nìkan ló wà nílùú òyìnbó, kò tíì wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì nínú oṣù keje.

Kádígàn kan wà lórí àga níwájú mi. Àwọ̀ eérú ni, bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wọ kádígàn yìí. Òjò ni o, oòrùn ni o. Màá wọ kaba òwú tó fẹ́lẹ́, tó jẹ́ pé torí ooru ni wọ́n ṣe rán an, màá wá gbé kádígàn lé e. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, ọjọ́ tí ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ìwọ̀n 40.3 ní Coningsby ní Lincolnshire, tí wọn ò rí irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru níbẹ̀, kádígàn yìí wà lọ́rùn mi. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì, òógùn ń ṣàn láti ẹ̀yìn ọrùn mi dé ìdí yẹ̀rì. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí, tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, na ìgò omi sí mi, ó sì bi mí bóyá kí òun bá mi bọ́ kádígàn yẹn. Mo ní kó má ṣèyọnu, pé ara mi ò yá ni. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ ọlọ́mọ. Ara mi le koko. Apá mi ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Mo jẹ́ ẹni ọdún 46 nígbà náà. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan níbí, mo mú kaba aláìlápá kan tó pọ́n bí ọsàn. Ọmọbìnrin tó ń tajà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn ní òmíràn tó ń bo apá dáadáa, pé òun ni àwọn obìnrin tó ti dàgbà máa ń fẹ́. Kò bú mi. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣàánú mi, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Ká ní èébú ni, màá ti dá a padà. Àánú ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá padà. Mo dá kaba ọsàn sílẹ̀. Kádígàn ni mo gbé délé.

Ó wá di ọdún 2025. Mo lọ sílé, Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí Ojúde Ọba, ọdún tí àwa Ìjẹ̀bú fi ń lọ kí ọba wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: ọjọ́ kẹta Iléyá la máa ń ṣe é, oṣù ojú ọ̀run ló sì ń gbé Iléyá kiri, nítorí náà Ojúde Ọba kì í dúró sójú kan nínú ọdún. Lọ́dún náà, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Ohun tí àwọn ará ibí ń pè ní sọ́mà, ìgbà òjò ló jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ òjò Ìjẹ̀bú kì í lé ooru lọ. Bó bá ti dá, tí oòrùn yọ, ilẹ̀ á máa rú èéfín, aṣọ á sì lẹ̀ mọ́ni lára bí ewé ẹ̀kọ.

Ọ̀sán gangan ni mo dé. Ìyá mi jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilé, wọ́n ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Ẹni ọdún 81 ni wọ́n. Wọ́n ró ìró àdìrẹ kan mọ́ àyà, kò sí bùbá, kò sí nǹkan mìíràn lókè. Èjìká wọn ń dán nínú oòrùn. Apá wọn méjèèjì wà ní gbangba: awọ tó ti dẹ̀, tó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ewùrà há ìrin, àti àpá àjẹsára ìgbà èwe wọn, tó rí roboto bíi kọ́bọ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọjá ń kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá tó ń gbé ilé kejì dúró bá wọn sọ̀rọ̀ ìbò. Ọmọ kékeré kan wá tọrọ owó búrẹ́dì. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Kò sí ẹni tó wo apá wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn fúnra wọn ò wò ó.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi, wọ́n kí mi káàbọ̀, wọ́n fi oríkì wọ̀ mí lára bí ìyá ṣe ń ṣe. Wọ́n wá tẹjú mọ́ kádígàn. "Kí ló dé? Ṣé ibà ń ṣe ẹ́ ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Torí mo kàn rántí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé báyìí ni gbogbo àwọn ìyá àdúgbò wa ṣe ń jókòó lọ́sàn-án nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìró mọ́ àyà, èjìká níta, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá bàbá mi bẹ́ẹ̀. Ìyá alákàrà bẹ́ẹ̀. Apá àgbà obìnrin ni mo fi ń ṣe ìrọ̀rí nígbà tí wọ́n bá ń pàlọ́ fún wa. Ìtìjú tí mo gbé bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe ohun tí mo bá nílé wa. Mo rà á ni, pẹ̀lú kádígàn.

Mi ò ní parọ́ fún yín o. Ilé náà ní ti rẹ̀. Bí ẹni ọgọ́ta ọdún bá wọ síkẹ́ẹ̀tì tí kò dé orúnkún lọ sóde, wọ́n á ní àgbà ò mọ ara rẹ̀ lágbà. Obìnrin tó sanra jù, wọ́n á sọ fún un lójú ara rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó sọ fún ìyá mi rí pé ara àgbà jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ gbé pamọ́.

Ọjọ́ kejì, a lọ ra aṣọ ní ọjà Òkè-Àjẹ. Mo rí àǹkárá kan tó ń tàn yanranyanran, mo dì í mú. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fa fọ́nrán kan yọ létí rẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ ìyá aláṣọ ṣáná sí i. Fọ́nrán náà ò jó bí òwú ṣe ń jó. Ó yọ́, ó kákò, ó di kókó dúdú kan tó le, ó ń rùn bí ike tó bọ́ sínú iná. Wọ́n fa ti òmíràn tí àwọ̀ rẹ̀ ò tàn tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn jó wùú, òórùn rẹ̀ dà bí ti ìwé tí wọ́n finá sí, nígbà tí wọ́n sì fi ìka pa ohun tó kù, eérú lásán ni, ó fọ́ dànù. "Òwú lèyí," wọ́n ní. "Ike lo kọ́kọ́ mú yẹn. Bó o bá wọ ike nínú oòrùn, o fẹ́ se ara rẹ jinná ni." Ìyá aláṣọ ò bínú rárá. Ó ní ìyá mi mọ aṣọ.

Bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́. Òwú máa ń mu òógùn, afẹ́fẹ́ á gbà á kọjá, á sì gbẹ. Pọ́lísítà kì í mu omi, òógùn á wà láàárín awọ àti aṣọ níbẹ̀, á máa gbóná. Ìdí tí léèsì òwú fi tù wá lára tó bẹ́ẹ̀ náà nìyẹn. Ihò ara rẹ̀ kì í ṣe torí ẹwà nìkan. Láti nǹkan bí ọdún 1960 sókè ni àwọn oníṣẹ́ léèsì ní Lustenau, ní orílẹ̀-èdè Austria, ti ń ṣe é ránṣẹ́ sí wa.

Ìyá mi ò lè fọwọ́ kan léèsì kí wọ́n má dárúkọ Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀. Rẹ́mọ ni ìyá tiwọn ti wá, Ìkẹ́nnẹ́, ìlú Màmá. Ọdún 1915 ni wọ́n bí Màmá, òwò léèsì wà lára ohun tí wọ́n fi lówó, oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni wọ́n sì kú, ó ku oṣù méjì péré kí wọ́n pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ wo fọ́tò wọn ìgbà tí wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún. Gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ìpèlé, gbogbo rẹ̀ pé. Bí mo bá wo fọ́tò wọ̀nyẹn, mo máa ń rí ẹni tó mọ̀ pé àwọn èèyàn á wo òun, tí ìyẹn sì dùn mọ́ ọn nínú.

A gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Ìyá Ìbejì kò tíì pé ogójì ọdún. Ó fi tépù yí mi ká, ó ń pe nọ́ńbà, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé. Àyà, 44. Ìdí, 48. Mo ń retí kó sọ nǹkan. Kò sọ nǹkan kan. Ohùn tó fi pe ti ọmọge tó ṣíwájú mi ló fi pe tèmi. Nígbà tó dé apá, mo sọ fún un pé, "Jọ̀ọ́, jẹ́ kó gùn dé ọrùn ọwọ́."

Ó dúró, tépù ṣì wà léjìká mi. "Màámi, nínú ooru yìí? Ṣé apá ń dùn yín ni?"

Kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o. Ó ń béèrè ni, torí ó ní àwọn oníbàárà tí iná jó lápá, ó sì mọ bó ṣe ń rán tiwọn. Ó ń dúró de èsì. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní rárá, kò dùn mí. "Ó dáa," ó ní, ó sì fi èékánná fa ìlà kékeré kan sí òkè ìgbọ̀nwọ́ mi. "Ibí la ó ti gé e."

Ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ Ojúde Ọba! Rẹgbẹ́rẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wọlé. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, ọba sì máa ń wà nínú orúkọ wọn: Bọ́bakẹ́yẹ, Gbọ́baníyì, Bọ́bagbìmọ̀. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 1960, ló sọ ètò náà dọ̀tun. Nígbà tí à ń jó lọ́jọ́ náà, a ò mọ̀ pé oṣù kan ó lé díẹ̀ ló kù kí Kábíyèsí wàjà. Mo ṣì ń rò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá àgbà wọlé, wọ́n rọra ń rìn, ẹsẹ̀ ń dun àwọn kan. Bùbá wọn bá ara wọn mu, gèlè wọn bá ara wọn mu, agboòrùn wọn náà bá ara wọn mu. Agboòrùn! Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Oòrùn ló ń gbà fún wa. Òjò ni àwọn ará ibí ń rí bí wọ́n bá rí i. Ìyá mi fi ẹtù àtijọ́ kan ṣe ìpèlé, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ó ti lò ju ọjọ́ orí mi lọ. Àwọn ọmọge ń sáré wá ya fọ́tò rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìgbà tí mo gbọ́ òwe yẹn lọ́mọdé, mo rò pé ìmọ̀ràn ni. Lọ́jọ́ yẹn mo rí i pẹ̀lú ojú mi lórí èjìká ìyá mi.

Ohun tó wá ká mi lára jù ni pé kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ọjọ́ orí pamọ́ níbẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ rẹ ti sọ ọ́. Bó o bá wọ ti Gbọ́baníyì, gbogbo Ìjẹ̀bú mọ ìgbà tí wọ́n bí ẹ. Èmi ti ń fi aṣọ sá fún ọjọ́ orí láti ọdún mọ́kànlá. Àwọn ìyá wọ̀nyí ń fi aṣọ kéde tiwọn, wọ́n sì ń jó lé e lórí. (Owó tí wọ́n ń ná sí i nìkan ni mi ò fara mọ́. Ẹni tó yáwó ra aṣọ ẹgbẹ́, kò lè jó bó ṣe yẹ.)

Láti ìgbà tí mo ti padà, àdìrẹ òwú àti bùbù fẹ́lẹ́ ni mò ń wọ̀ bí ooru bá dé, pẹ̀lú sálúbàtà pẹlẹbẹ, àti àkẹtẹ̀ tí mo rà ní Òkè-Àjẹ. Olùgbọ́ wa kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni ọdún 63 ni wọ́n, iṣan ẹsẹ̀ wọn yọ síta, wọ́n ní ṣé kí àwọn wọ kaba tó mọ orúnkún. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni? Bó bá ń dùn yín, ẹ lọ rí dókítà. Bí kò bá dùn yín, tí kaba náà sì wù yín, ẹ wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ pé gígùn ló wù yín, ẹ wọ gígùn. Àwọn alhájà wa tó ń bo ara nítorí Ọlọ́run, ìyẹn yàtọ̀, ayọ̀ wọn ni. Kó ṣáà jẹ́ òwú, kó sì fẹ̀ dáadáa. Aṣọ tí ìbànújẹ́ bá bá wa yàn ni mò ń bá wí.

Wọ́n ní ooru ọ̀la máa ju tòní lọ. Mo ti lọ àdìrẹ tí Ìyá Ìbejì rán, ó wà lára ìlẹ̀kùn. Ìyá mi pè mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, wọ́n ní kí n ya fọ́tò ránṣẹ́ bí mo bá wọ̀ ọ́, kí apá hàn. Mo ní ẹ ṣé, mà. Kádígàn náà, màá wá bọ́tìnnì sí i kí òtútù tó dé.