Ọ̀nà wo ló bá ajá yín mu láti fi kọ́ ọ?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fẹ́ kọ́ ajá yín kó máa gbọ́ràn, ẹ wo fídíò jìnnà, ọ̀kan ní kẹ́ ẹ máa fún un lẹ́ran, èkejì ní kẹ́ ẹ máa jágbe mọ́ ọn, ẹ̀kẹta ní àfi kẹ́ ẹ fi hàn án pé ẹ̀yin lọ̀gá. Èwo wá ni ṣíṣe? Ẹ kọ́kọ́ wo ajá yẹn fúnra ẹ̀ ná. Kí ló fẹ́ràn gan-an? Kí ló ń bà á lẹ́rù? Torí ohun tó fẹ́ràn yẹn lẹ máa fi sanwó iṣẹ́ fún un.

Ajá tó bá jẹ́ ọ̀jẹun, ẹran wẹ́wẹ́ ti tó. Òmíì wà tí kò ka oúnjẹ sí, àmọ́ tó bá ti rí bọ́ọ̀lù báyìí ara ẹ̀ ti yá gágá, bọ́ọ̀lù lẹ máa fi kọ́ ìyẹn.

Ká ní ẹ fẹ́ kó jókòó. Ẹ mú ẹran bíńtín sáàárín ìka méjì, ẹ gbé e síwájú imú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá rọra gbé e gba òkè orí ẹ̀ lọ sápá ẹ̀yìn. Orí á tẹ̀ lé ẹran, ìdí á sì lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ ò ní tì í rárá. Bí ìdí ẹ̀ ṣe ń kanlẹ̀ báyìí, ẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń wá ẹran nínú àpò tó fi dìde, ìdìde lẹ sanwó fún yẹn o.

Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń lo clicker, nǹkan kékeré tó máa ń dún "kẹ́" téèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ sì máa fún un lẹ́ran títí á fi mọ̀ pé "kẹ́" yẹn, ẹran ti ń bọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ajá tí ìró máa ń já láyà, ẹ gbé clicker jù sílẹ̀, "óṣé!" tẹ́ ẹ bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ti tó. Èyí tó jẹ́ adití, ọwọ́ lẹ máa fi ṣàmì fún un.

Ọ̀rọ̀ "ẹ fi hàn án pé ẹ̀yin lọ̀gá" yẹn, inú máa ń bí mi sí i. Ara ìkookò ni wọ́n ti mú un. Àwọn ìkookò tí wọ́n há mọ́ ọgbà ẹranko ni Rudolf Schenkel, onímọ̀ nípa ẹranko, wò tó fi kọ̀wé lọ́dún 1947 nípa bí wọ́n ṣe ń bára wọn du ipò. Lọ́dún 1999, David Mech, onímọ̀ nípa ìkookò tóun náà ti gbé ọ̀rọ̀ "alpha", ìyẹn ọ̀gá agbo, lárugẹ rí, kọ ọ́ síta pé nínú igbó, bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ wọn ni agbo ìkookò sábà máa ń jẹ́. Ajá kúkú kì í ṣe ìkookò.

Tẹ́ ẹ bá ń na ajá, ohun tó máa kọ́ ni pé kóun máa sá fún ọwọ́ yín. Èyí tó burú jù ni kẹ́ ẹ nà án torí pé ó kùn hùùn mọ́ọ̀yàn. Ìkìlọ̀ ló ń ṣe yẹn, tẹ́ ẹ bá lù ú títí tó fi panu mọ́, lọ́jọ́ míì ó lè má kùn mọ́, á kàn buni jẹ ni. Kọ́là, ìyẹn okùn ọrùn ajá, tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná gbe ajá, wọ́n ti fòfin dè é ní Wales látọdún 2010, kódà níbi tí òfin ò ti dè é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rà á.

Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ti tó, pàápàá fún ọmọ ajá. Tó bá ti ń yán, tó ń lá ètè, tó ń gbójú sá, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ajá tó sì ti ń gbọ́ràn tẹ́lẹ̀ tó wá ṣàdédé ń kùn mọ́ yín tàbí tí kò fẹ́ jókòó mọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ná, ibì kan lè máa dùn ún.