Mílíọ̀nù 51 dọ́là lórí aṣọ́lé kan: ọ̀rọ̀ Paul Holmgren àti ikọ̀ Philadelphia

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ Paul Holmgren, tó jẹ́ olùdarí àgbà ikọ̀ họ́kì orí yìnyín Philadelphia Flyers láti 2006 sí 2014, ni mo gbé wá lónìí, nítorí kò sí ibi tí ìṣòro wíwá aṣọ́lé ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Philadelphia gba ife Stanley, ife tí wọ́n ń fún ikọ̀ tó bá borí nínú líìgì NHL, ní 1974 àti 1975. Bernie Parent ló ṣọ́lé lẹ́ẹ̀mejèèjì, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń wá irú rẹ̀. Ní 2010, wọ́n bá Chicago dé àṣekágbá. Patrick Kane ti Chicago gbá èyí tó parí rẹ̀ wọlé mọ́ Michael Leighton, aṣọ́lé Philadelphia, lọ́wọ́ ní àfikún àkókò. Ní 2011, aṣọ́lé mẹ́ta ni wọ́n lò ní ìpele komẹsẹ̀-o-yọ, wọ́n ń yọ ọ̀kan, wọ́n ń fi òmíràn sí i, títí Boston fi lù wọ́n nínú eré mẹ́rin léra wọn.

Ed Snider tó ni ikọ̀ náà kò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹfà 2011, Holmgren fún aṣọ́lé Ilya Bryzgalov ní àdéhùn ọdún 9, mílíọ̀nù 51 dọ́là. Ọjọ́ kan náà ló ta Mike Richards, balógun ikọ̀, àti Jeff Carter.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, máa ń wá bá ilé tó ìgbà 30 nínú eré kan, eré 82 ló sì wà nínú sáà. Aṣọ́lé tó mú 92 nínú 100 àti èyí tó mú 90, ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn lálẹ́ kan. Àmọ́ tí sáà bá parí, ìyàtọ̀ ọ̀hún ti di góòlù bí 50. Àwọn tó ń dáàbò bò ó náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ìgbèjà Phoenix, níbi tí Bryzgalov ti wá, sì le koko.

Ọ̀dọ́ kan wà nílé tẹ́lẹ̀: Sergei Bobrovsky, ará Rọ́ṣíà tí ikọ̀ kankan kò yàn nígbà tí wọ́n ń yan ọ̀dọ́ eléré. Ó jáwé olúborí nínú eré 28 ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́. Bryzgalov dé, Bobrovsky di ẹni tó ń jókòó, ìṣirò rẹ̀ sì já sí 90 nínú 100. Ní 2012, wọ́n tà á fún Columbus, wọ́n sì gba àǹfààní láti yan ọ̀dọ́ eléré dípò rẹ̀. Ní sáà tó tẹ̀lé e, ó mú 93, ó gba àmì ẹ̀yẹ Vezina ti aṣọ́lé tó dára jù lọ. Bryzgalov mú 90. Ní 2013, Philadelphia fòpin sí àdéhùn rẹ̀; wọ́n á san nǹkan bí mílíọ̀nù 23 dọ́là fún un láàárín ọdún 14.

Èmi kò bá Holmgren wí pé ó ta Bobrovsky. Ohun tí ojú rí nígbà náà kò ju 90 lọ. Ọdún 9 yẹn ni mo bá a jà sí. Bryzgalov ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 31 ni! Aṣọ́lé kì í tètè gbó nínú iṣẹ́: Tim Thomas tó gba ife fún Boston ní 2011 ti pé 37, ó sì ti gbá họ́kì kiri Finland kí ẹnikẹ́ni tó kà á sí. Ta ló lè fi ẹ̀rí sáà kan tàbí méjì sọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa jẹ́ lẹ́yìn ọdún 7? Àdéhùn kúkúrú, aṣọ́lé méjì tí wọ́n ń bára wọn du ipò, ìyẹn ni ǹ bá ṣe.

Philadelphia fi ọ̀kan nínú àǹfààní tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Columbus yan aṣọ́lé mìíràn, Anthony Stolarz. Wọ́n ta òun náà ní 2019. Nígbà tí Florida gba ife Stanley ní 2024, Bobrovsky ló ṣọ́lé, Stolarz ni igbákejì rẹ̀, Philadelphia sì ṣì ń sanwó fún Bryzgalov.