Kí Ni Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀dọ́ Lè Sọ Nípa Àtọ̀gbẹ Tí Kò Tíì Dé?

Ẹ káàbọ̀. Ká ní ọmọ ọdún 26 kan lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, kó tó fẹnu kan nǹkan kan. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 96 mg/dL. Láàbù kọ ọ́ sí i pé kò séwu. Òótọ́ ni wọ́n kọ, kò ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá jẹ́ pé ṣé àtọ̀gbẹ lè mú un lọ́jọ́ iwájú, nọ́ńbà yẹn ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n fa ààlà sí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò jẹun láti alẹ́ tí ṣúgà rẹ̀ kò tó 100, ara rẹ̀ le. Bó bá wà láàárín 100 sí 125, ó ti ń sún mọ́ àtọ̀gbẹ. Bó bá tó 126, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ti dé nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tirẹ̀ kì í ka èèyàn mọ́ àwọn tó ń sún mọ́ ọn àfi tó bá dé 110. Ẹ̀yin náà rí i: èèyàn ló fa ìlà. Ara ò mọ ohun tó ya 99 sọ́tọ̀ sí 100.

Lọ́dún 2005, àwọn olùṣèwádìí ní Ísírẹ́lì gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọkùnrin tó lé ní 13,000, ọmọ ogun ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 26 sí 45. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ṣúgà rẹ̀ tó 100 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, láti 87 lọ sókè ni ewu ti ń gùn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí tiwọn wà láàárín 91 sí 99, tí triglyceride, ìyẹn irú ọ̀rá kan tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, sì tó 150, ewu tiwọn tó ìlọ́po mẹ́jọ ti àwọn tí ṣúgà àti triglyceride wọn kéré. Kí àyà ẹnikẹ́ni má já o: nínú gbogbo wọn, 208 péré ni àtọ̀gbẹ mú láàárín àwọn ọdún tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Ìlọ́po mẹ́jọ ohun kékeré ṣì lè má pọ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rá fi dá sí ọ̀rọ̀ ṣúgà? Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ínsúlínì tí páńkíríásì, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí iṣan gba ṣúgà mọ́ra, òun náà ló sì ń dá ẹ̀dọ̀ lẹ́kun kó má tú ṣúgà síta jù. Bí ọ̀rá bá ń rọ́ jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, wọn ò ní gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Páńkíríásì á wá máa tú púpọ̀ sí i kí iṣẹ́ kan náà lè parí. Nọ́ńbà ṣúgà ò ní tíì yí padà. Ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀ á máa rọ ọ̀rá tuntun sínú ẹ̀jẹ̀, triglyceride á sì ga. Páńkíríásì yìí dà bí alágbàṣe tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ tó ṣì ń rẹ́rìn-ín: ọjọ́ tí ẹrù bá já bọ́, ó ti pẹ́ tí ọrùn ti ń dùn ún. Ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fojú bù ú pé lọ́jọ́ tí dókítà bá pe àrùn náà lórúkọ, nǹkan bí ìdajì agbára tí páńkíríásì fi ń pèsè ínsúlínì ti lọ.

Ẹ lè wá ní, kí ló dé tí wọn ò kúkú wọn ínsúlínì fúnra rẹ̀? Wọ́n ń wọ̀n ọ́. Láti 1985 ni ìṣirò kan ti wà, HOMA-IR, tó ń fi bí ara ṣe ń kọtí sí ínsúlínì hàn: ẹ fi ṣúgà, ní ìwọ̀n mmol/L, sọ ínsúlínì di púpọ̀, kí ẹ fi 22.5 pín in. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èsì ínsúlínì láàbù kan kì í bá ti òmíràn dọ́gba, nítorí náà olùṣèwádìí ló ń lò ó ju dókítà lọ.

Èyí tí dókítà máa ń béèrè ni HbA1c, ìdá hemoglobin, ìyẹn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, tí ṣúgà ti lẹ̀ mọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé, torí náà èsì yìí ń sọ ìtàn oṣù méjì sí mẹ́ta. 5.7 sí 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ẹni tó ń sún mọ́ àtọ̀gbẹ. Ẹni tó bá jẹ́ SS, ẹ má gbára lé e rárá, torí sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ kì í pẹ́ kú. AS náà lè da èsì rú, ó dọwọ́ irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò. Ẹ sọ fún dókítà yín kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀.

Ìwádìí ti lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2011, àwọn tó ń lo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ àwọn ará Framingham ní Amẹ́ríkà rí i pé amino acid márùn-ún (àwọn èròjà tó ń para pọ̀ di purotéènì), leucine, isoleucine àti valine wà lára wọn, ti ga nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan títí dé ọdún 12 kí àtọ̀gbẹ tó mú wọn. Ó wú èmi lórí, àmọ́ kò tíì di àyẹ̀wò tí ẹ lè wọlé lọ béèrè.

Gbogbo èyí, irú àtọ̀gbẹ kejì (type 2) ni. Irú àkọ́kọ́ (type 1) yàtọ̀, àwọn ọmọ ogun ara ló ń ba páńkíríásì jà níbẹ̀, àmì tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ sì yàtọ̀.

Ohun tí mo rò pé ó wúlò jù fún ọ̀dọ́ kò gba owó tuntun: ẹ má ju èsì àtijọ́ nù. 84, lẹ́yìn náà 91, lẹ́yìn náà 97, kò sí èyí tó kọjá ààlà nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ síbì kan. Ẹ wo triglyceride lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ẹ sì rántí bóyá bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ní àtọ̀gbẹ. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kí gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọdún 35, ṣùgbọ́n ẹni tó sanra jù tó sì tún ní ohun mìíràn tó ń fa ewu, kó má dúró dìgbà yẹn. Bí èsì bá dáa, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó pẹ́ tán. Bó bá ti wọ 100, ọdọọdún ni.